Ṣé Òyìnbó Ló Kọ́ Wa ní Òkè Gígùn?

Bí mo bá ti sọ ní Ìgbàjà pé mo fẹ́ lọ gun òkè lẹ́bàá omi Òwú, wọ́n á ní, "Àṣà òyìnbó!" Ẹ jẹ́ ká yẹ ìtàn wò.

Lóòótọ́, Mary Kingsley, obìnrin Gẹ̀ẹ́sì, gun òkè Kamẹrúùnù lọ́dún 1895. Òkè náà ga ju mítà 4,000 lọ. Kùrukùru bo ṣóńṣó rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí kò fi rí nǹkan kan nígbà tó débẹ̀. Ìfẹ́ ọkàn rẹ̀ ló gbé e lọ.

Àwọn ará Ìdànrè wá ńkọ́? Orí òkè ni wọ́n ń gbé títí di nǹkan bí ọdún 1933. Ààfin, ilé ẹjọ́, ilé ìwé, òkè ni gbogbo rẹ̀ wà. Ẹni tó bá rajà nísàlẹ̀, orí ni yóò fi rù ú gòkè. Ta ni yóò pe ìyẹn ní eré ìdárayá?

Lónìí, àtẹ̀gùn tó lé ní 600 ni àlejò ń gùn níbẹ̀, owó ni wọ́n sì ń san kí wọ́n tó gùn ún. Ohun tí ìyá àgbà ń fi ọrùn ríro ṣe la wá ń ya fọ́tò rẹ̀ sí Instagram. Mi ò bínú o. Èmi náà ní tèmi níbẹ̀.