Àlejò Alákétu

Ní ọdún 1853, Àlùfáà Samuel Àjàyí Crowther ti ìjọ CMS wọ Kétu gẹ́gẹ́ bí àlejò Alákétu. Ìlú olórìṣà ni Kétu, ìlú Ifá àti Gẹ̀lẹ̀dẹ́. Àwọn mùsùlùmí pẹ̀lú sì ti ní àdúgbò tiwọn níbẹ̀. Mo gbà pé ọ̀rọ̀ ìṣèlú wà nínú rẹ̀, nítorí Dàhómì ti kọlu Abẹ́òkúta ní 1851. Síbẹ̀, ọba gba oníwàásù náà tọwọ́tẹsẹ̀.

Àwọn ọmọ Kétu tí ogun kó, tí a tà sókè òkun, kò rí irú ìgbàlejò bẹ́ẹ̀. Wọ́n gbé òrìṣà wọn dé Bahia ní Bràsíìlì, níbi tí ẹ̀ka Candomblé kan ti ń jẹ́ Ketu títí di òní, tí ilé ìsìn kan sì ń jẹ́ Alaketu. Ọlọ́pàá a máa já wọ ilé ìsìn wọn, a máa kó ìlù wọn lọ. Ọdún 1976 ni gómìnà Bahia tó fagi lé ìwé àṣẹ tí wọ́n ní láti gbà lọ́wọ́ ọlọ́pàá kí wọ́n tó bọ òrìṣà.

Kí a má tíì dá àwọn ará Bahia lẹ́bi: nílé wa níhìn-ín, ìjọba gbógun ti àwọn olórìṣà ní àwọn ọdún 1970. Ọdún 1997 ni òfin ya ọjọ́ kan sọ́tọ̀ fún àjọ̀dún ẹ̀sìn ìbílẹ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́ mi kan bi mí bóyá Crowther fọwọ́ sí òrìṣà. Rárá o, ẹ̀sìn tirẹ̀ ló wá wàásù. Alákétu mọ̀ bẹ́ẹ̀ kó tó ṣílẹ̀kùn fún un.