Ẹni Tó Ń Wẹ Ọmọ Nílé

Kí ilé ìwòsàn tó dé Ẹdẹ, kò sí ọjọ́ tí ìyá ìkókó ń ti ibì kan lọ sílé. Nílé ló bímọ sí. Ìyá àgbà tó gbẹ̀bí rẹ̀ náà ló ń wẹ ọmọ, òun ló ń gbé omi kaná fún ìyá, òun ló ń wo ìwọ́ títí yóò fi já, títí di ọjọ́ kẹjọ tí a ó sọmọ lórúkọ. Bí ara ọmọ bá gbóná lóru, gbogbo agbo ilé ló mọ ilẹ̀kùn tí wọ́n máa kàn.

Iṣẹ́ agbẹ̀bí ni mo ṣe kí n tó fẹ̀yìn tì, n kò sì ní kí ẹnikẹ́ni dá ayé yẹn padà. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ń ya obìnrin, àgbo kì í dá a dúró. Tẹ́tánọ́ọ̀sì ń gba ojú ìwọ́ wọlé, ó ń pa ọmọ, àwọn èèyàn a ní àbíkú ni. Nígbà tí ọsibítù àwọn Bàtíìsì bẹ̀rẹ̀ l'Ógbòmọ̀ṣọ́ ní 1907, tí ti Wesley Guild náà sì tẹ̀ lé e n'Íléṣà, ẹ̀mí là. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ ẹnì kan pín sí méjì: nọ́ọ̀sì ń gbẹ̀bí ní wọ́ọ̀dù, ìyá àgbà ń dúró de ọmọ nílé, àwọn méjèèjì kì í sì í ríra.

Ẹni tó súnmọ́ àtiso wọ́n pọ̀ ni David Morley, dókítà ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó dé Wesley Guild ní 1956. N'Ímẹ̀sí-Ilé, ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun wa yìí, òun àtàwọn nọ́ọ̀sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún, wọ́n ń fi ìlà sàmì ìwọ̀n rẹ̀ sórí káàdì. Àyè wà lórí rẹ̀ tí wọ́n ń kọ ìdí tí ọmọ fi nílò àmójútó sí, bóyá ìbejì ni, bóyá ìyá rẹ̀ ti sin àwọn kan ṣáájú rẹ̀. Káàdì yìí kì í sùn ní ọsibítù. Inú ọ̀rá ni ìyá ń fi í sí, á mú un lọ sílé, á tọ́jú rẹ̀. Irú káàdì yẹn tàn dé orílẹ̀-èdè púpọ̀ láyé, mo sì ń fi í yangàn pé ọ̀dọ̀ wa ló ti bẹ̀rẹ̀.

Káàdì délé, ọ̀rọ̀ kò bá a délé. Níbi tí mo ti ṣiṣẹ́, dókítà lè yọ̀ǹda ìyá láàárọ̀ Ọjọ́ Ajé, kó jẹ́ ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú ni yóò lọ, nítorí baálé rẹ̀ ń wá owó ọsibítù kiri. Nígbà tí owó bá wá dé, gbogbo ẹ̀kọ́ nípa ìtọ́jú ọmọ nílé di kánmọ́-kánmọ́. Nọ́ọ̀sì a ní sípírítì ni kó máa fi nu ìwọ́ (jẹ́ẹ̀lì chlorhexidine ló ti rọ́pò rẹ̀ báyìí). Ìyá ọmọ délé ní Òkè-Gada, l'Ẹ́dẹ, ìyá ọkọ ní òrí àti ooru àtùpà lòun fi tọ́jú ọmọ mẹ́fà. Ọmọbìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bí àkọ́bí, ṣé òun ni yóò bá ìyá ọkọ jiyàn?

Ohun tó yẹ ni kí àwọn nọ́ọ̀sì ti máa sọ̀rọ̀ owó látìgbà oyún. Kí wọ́n pe ìyá àgbà wọ wọ́ọ̀dù, kó fojú ara rẹ̀ rí ìwọ́, kó gbọ́ pé ọmọ tí kò mu ọyàn mọ́, tàbí tí ojú rẹ̀ pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, kì í dúró de ilẹ̀ tó máa mọ́. Àjọ WHO ní kí ìyá àti ọmọ lo wákàtí 24 ó kéré tán kí wọ́n tó lọ, kí a sì tún rí wọn ní ọjọ́ kẹta. Ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ mẹ́fà la máa ń dá fún wọn. Ìyá àgbà ní fóònù lónìí. Ẹ gba nọ́ńbà rẹ̀ kí wọ́n tó kúrò ní wọ́ọ̀dù, kí ẹ pè é ní ọjọ́ kẹta yẹn.