Gbà fún Mi, Kí N Gbà fún Ọ: Bí Òfin Ìpìlẹ̀ Nàìjíríà Ṣe Dúró

Ìlobùú àti Ìfọ́n-Ọ̀ṣun kò jìnnà síra. Ìlobùú ni ibùjókòó ìjọba ìbílẹ̀ Ìrẹ́pọ̀dùn, Ìfọ́n sì ni ti Oròlú. Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ ààlà ilẹ̀ dá ìjà sílẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun fi kéde kónílé-ó-gbélé níbẹ̀ ní 2025. Olùkọ́ tó ń kọ́ni ní ìtàn òfin ìpìlẹ̀ Nàìjíríà nírú àdúgbò yìí ní iṣẹ́ ńlá lọ́wọ́, torí ìbéèrè kan náà ni: kí ni a óò fi sílẹ̀ kí a lè jọ máa gbé?

Ní ìpàdé Ìbàdàn ní oṣù Ṣẹẹrẹ 1950, àwọn ọba Àríwá ní àwọn gbọ́dọ̀ gba ìdajì ìjókòó ilé aṣòfin àpapọ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, àwọn á bá tiwọn lọ. Nígbà tí òfin 1951 dé, aṣojú 136 ni wọ́n pín: Àríwá gba 68, Ìlà-Oòrùn 34, Ìwọ̀-Oòrùn 34.

Ní 1953, Anthony Enahoro dábàá pé kí Nàìjíríà gba ìjọba ara-ẹni ní 1956. Ahmadu Bello ní kí wọ́n ṣe é nígbà tó bá ṣeé ṣe. Ilé dàrú. Ní ìpàdé Lọ́ńdọ̀nù ọdún yẹn, wọ́n gbà pé kí ẹkùn tó bá fẹ́ gba tirẹ̀ ṣáájú. Ìwọ̀-Oòrùn àti Ìlà-Oòrùn gbà á ní 1957, Àríwá ní 1959. Kò sẹ́ni tó rí gbogbo ohun tó fẹ́, kò sì sẹ́ni tó pàdánù gbogbo rẹ̀.

Ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà-fún-ra-ẹni kọ́ ló dọ́gba. Àwọn ẹ̀yà kéékèèké bẹ̀rù pé àwọn ẹ̀yà ńlá á jẹ wọ́n mọ́lẹ̀, wọ́n sì bèèrè fún ẹkùn tiwọn. Ìgbìmọ̀ Willink gbọ́ ẹ̀dùn ọkàn wọn. Ní 1958, ó ní kí wọ́n kọ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn sínú òfin dípò ẹkùn tuntun. Àwọn olórí fara mọ́ ọn kí òmìnira 1960 má baà falẹ̀. Ẹ̀tọ́ wọ inú ìwé lóòótọ́, àmọ́ ìbéèrè nípa ààlà kò tán. Wọ́n dá ẹkùn Àárín-Ìwọ̀-Oòrùn sílẹ̀ ní 1963, ìpínlẹ̀ 12 sì tẹ̀ lé e ní 1967.

Nítorí náà, kí akẹ́kọ̀ọ́ má kàn há ọdún sórí. Ẹ jẹ́ kí wọ́n bi ara wọn léèrè: ta ló fi nǹkan sílẹ̀? Ta ni wọ́n gba nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀ láì gbà á láyè? Èwo ni wọ́n parí, èwo ni wọ́n kàn sún síwájú? Ọmọ Ìlobùú àti ọmọ Ìfọ́n tó bá mọ ìyàtọ̀ yẹn yóò mọ irú àdéhùn tó yẹ kí ó béèrè lọ́wọ́ àwọn àgbà ìlú rẹ̀.