Àrùn Kòrónà, Ibi Ìgbafẹ́ àti Òfin Ààbò ní Ilẹ̀ Yorùbá

Àjàkálẹ̀ àrùn Kòrónà, tí àwọn onímọ̀ ìṣègùn ń pè ní COVID-19, dá ìrìn àjò afẹ́, ọdún ìbílẹ̀ àti àríyá dúró káàkiri àgbáyé láàárín 2020 sí 2022. Ní ilẹ̀ Yorùbá, Ojúde Ọba kò wáyé fún ọdún méjì, ọdún Ọ̀ṣun Òṣogbo di ètùtù tí èrò kò pé lé lórí, ilé sinimá àti gbọ̀ngàn àríyá wà ní títì fún ọ̀pọ̀ oṣù, àwọn tí ń jẹun nídìí wọn sì fara gbá a. Ohun tí àkókò náà fi hàn ni pé ibi ìgbafẹ́ kò rí bákan náà, òfin kan ṣoṣo kò sì lè bá gbogbo wọn mu. Ọdún tí ètùtù jẹ́ ìpìlẹ̀ rẹ̀ lè wáyé láìsí èrò. Èyí tí èrò fúnra rẹ̀ jẹ́ ìpìlẹ̀ rẹ̀ kò lè wáyé rárá.

Bí àrùn náà ṣe wọlé

Ọjọ́ 30 oṣù Kìíní 2020 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé àrùn náà ti di ọ̀rọ̀ pàjáwìrì fún gbogbo ayé. Ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹta, wọ́n pè é ní àjàkálẹ̀. Ní Nàìjíríà, ọjọ́ 27 oṣù Kejì ni àyẹ̀wò fìdí ẹni àkọ́kọ́ múlẹ̀. Ará Ítálì kan ni, ó gba pápákọ̀ òfurufú Èkó wọlé, ó sì ti dé ìpínlẹ̀ Ògùn kí wọ́n tó mọ ohun tó ń ṣe é. Ilé ìwòsàn àwọn àrùn tó ń ràn ní Yábà ni wọ́n ti tọ́jú rẹ̀.

Kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí àrùn yóò bá ọkọ̀ àwọn arìnrìn-àjò wọ Èkó. Ní oṣù Kẹsàn-án 1918, ọkọ̀ ojú omi ló gbé àrùn ọ̀fìnkìn ńlá tó jà kárí ayé wọ èbúté ìlú náà. Ní oṣù Keje 2014, ọkọ̀ òfurufú ló gbé Ebola dé. Èèyàn 20 ló mú nígbà náà, 8 nínú wọn kú, ṣùgbọ́n kí oṣù Kẹwàá tó parí, Àjọ Ìlera Àgbáyé ti kéde pé Nàìjíríà bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Láti ìgbà Ebola ni ọ̀pọ̀ ará Èkó ti mọ ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wo ìgbóná ara níwájú orí, tí wọ́n sì ti mọ omi àti ọṣẹ lẹ́nu ọ̀nà ilé ìfowópamọ́.

Òfin àti àṣẹ ìjọba

Òfin tí ìjọba àpapọ̀ kọ́kọ́ gùn lé kì í ṣe tuntun. Òfin ìyàsọ́tọ̀ nítorí àrùn, tí ìjọba amúnisìn ṣe ní 1926, ni Ààrẹ Muhammadu Buhari dì mú ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹta 2020 tó fi pàṣẹ kónílé-ó-gbélé fún Èkó, Ògùn àti Àbújá. Alẹ́ ọjọ́ náà ni ó bẹ̀rẹ̀ ní Èkó àti Àbújá. Ògùn bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹrin. Ṣáájú èyí, Gómìnà Babajide Sanwo-Olu ti fọwọ́ sí ìlànà ìpínlẹ̀ Èkó lórí àrùn tó ń ràn ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹta, wọ́n sì ti ti pápákọ̀ òfurufú mọ́ àwọn ọkọ̀ tó ń ti òkè òkun bọ̀.

Ṣíṣí rẹ̀ gba sùúrù. Ní ọjọ́ 4 oṣù Karùn-ún, wọ́n tú àwọn èèyàn sílẹ̀ lọ́sàn-án, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ jáde láti aago mẹ́jọ alẹ́ sí mẹ́fà àárọ̀. Ọjọ́ 1 oṣù Keje ni wọ́n gbà kí ọkọ̀ máa ti ìpínlẹ̀ kan bọ́ sí òmíràn, ọjọ́ 8 ni ọkọ̀ òfurufú abẹ́lé tún gbéra, ó sì di ọjọ́ 5 oṣù Kẹsàn-án kí ti òkè òkun tó padà. Nígbà náà, ẹni tó ń bọ̀ láti òkè òkun gbọ́dọ̀ mú èsì àyẹ̀wò lọ́wọ́, kó sì tún ṣe òmíràn lẹ́yìn tó bá dé.

Ìjìyà wà fún ẹni tó bá rú òfin. Ní oṣù Kẹrin 2020, ilé-ẹjọ́ kan ní Èkó ní kí òṣèré Funke Akindele àti ọkọ rẹ̀ ìgbà náà san ₦100,000 ẹnìkọ̀ọ̀kan, kí wọ́n sì fi ọjọ́ 14 ṣiṣẹ́ ìlú, nítorí ayẹyẹ ọjọ́ ìbí tí wọ́n ṣe nílé lásìkò kónílé-ó-gbélé. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kìíní 2021, Ààrẹ fọwọ́ sí ìlànà mìíràn tó sọ ìbòmú di dandan níta gbangba, tó sì fi owó ìtanràn tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà dẹ́rù ba ẹni tó bá ṣe orí kunkun.

Ọdún Ọ̀ṣun Òṣogbo

Igbó Ọ̀ṣun, tí ó fẹ̀ tó hẹ́kítà 75, wọ àkọsílẹ̀ ogún àgbáyé UNESCO ní 2005. Oṣù Kẹjọ ni ọdún rẹ̀. Wọ́n á ṣe Ìwọ́pópó, wọ́n á tan àtùpà Olójúmẹ́rìndínlógún, wọ́n á ṣe Ìborìadé, kí ọjọ́ Arugbá tó kò. Lọ́jọ́ náà, wúńdíá kan á ru igbá ètùtù láti ààfin Àtáọ́ja, ọba Òṣogbo, dé etí odò, ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn á sì wọ́ tẹ̀lé e, ọ̀pọ̀ nínú wọn pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì lọ́wọ́ láti pọn omi Ọ̀ṣun lọ sílé.

Ní 2020, wọ́n dín ọdún náà kù sí ètùtù. Àwọn tí iṣẹ́ òrìṣà wà lọ́wọ́ wọn ṣe é. Wọ́n ní kí àlejò àti olùwòran jókòó sílé. Ohun tó yẹ fún Ọ̀ṣun kò yẹ̀, nítorí ẹ̀jẹ́ láàárín ìlú àti odò ni ọdún náà, kò dúró lórí iye ẹni tó wá wòran. Àmọ́ ẹni tó ń ta kẹ́ẹ̀gì, ẹni tó ń yàwòrán lẹ́nu ọ̀nà igbó, àti onílé ìtura tí yàrá rẹ̀ máa ń kún lóṣù Kẹjọ kò rí nǹkan kan.

Ojúde Ọba

Ọ̀rọ̀ ti Ìjẹ̀bú Òde yàtọ̀. Ọjọ́ kẹta Iléyá ni àwọn ọmọ Ìjẹ̀bú máa ń wá kí Awùjalẹ̀ lójúde rẹ̀. Ẹgbẹ́ ọlọ́jọ́ orí kan náà, tí wọ́n ń pè ní regbéregbé, á tò kọjá níwájú ọba, ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú aṣọ tirẹ̀. Ìdílé àwọn Balógun á gun ẹṣin tí wọ́n ṣe lọ́ṣọ̀ọ́ wọ pápá. Bí a bá mú èrò kúrò níbẹ̀, kò sí ohun tó kù, torí pé ìkíni tí gbogbo ìlú jọ ń kí ọba ni ọdún náà gan-an. Ìdí nìyí tí kò fi wáyé ní 2020 àti 2021, tí ó sì fi di 2022 kó tó padà.

Ìpalára rẹ̀ jìn ju ọjọ́ kan lọ. Ọ̀pọ̀ oṣù ṣáájú Iléyá ni regbéregbé ti máa ń yan aṣọ, tí aláṣọ òkè á ti máa hun, tí télọ̀ á ti gba àsansílẹ̀ owó, tí aláwọ̀ á máa ṣe gàárì àti bàtà. Olówó ẹṣin ń bọ́ ẹṣin lójoojúmọ́, ọdún wà o, ọdún kò sí o. Ọdún méjì tí pápá fi ṣófo já owó gbà lọ́wọ́ gbogbo wọn.

Ilé sinimá àti gbọ̀ngàn àríyá

Láti oṣù Kẹta 2020 ni ilé sinimá ti wà ní títì, títí wọ oṣù Kẹsàn-án. Nígbà tí Èkó tún wọn ṣí, ìdá kan nínú mẹ́ta àga ni wọ́n gbà kí èèyàn jókòó sí. Síbẹ̀ fíìmù Omo Ghetto: The Saga, tí Funke Akindele gbé jáde ní ọjọ́ Kérésìmesì ọdún náà, pa ohun tó lé ní ₦630 mílíọ̀nù, kò sì sí fíìmù Nàìjíríà tó tíì pa tó bẹ́ẹ̀ rí títí di ìgbà náà. Ìyẹn jẹ́rìí sí i pé ebi ìgbafẹ́ ti pa àwọn èèyàn, wọ́n sì ṣe tán láti wọ ìbòmú wá.

Fún àwọn onígbọ̀ngàn, Àjọ Ààbò ìpínlẹ̀ Èkó gbé ètò kalẹ̀ pé kí oníṣòwò forúkọ sílẹ̀, kí wọ́n wá yẹ ibẹ̀ wò, kó tó ṣílẹ̀kùn. Nígbà tí ìgbì kejì àrùn dé ní oṣù Kejìlá 2020, wọ́n fòfin de àríyá òpópónà àti eré orin, ilé ọtí àti gbọ̀ngàn sì tún padà sí títì. Oṣù tí àwọn ọmọ wa láti òkè òkun máa ń wálé, tí olórin, awégèlè, alásè àti ẹni tó ń yáni ní àga máa ń pa owó ọdún kan, kọjá lọ bẹ́ẹ̀. Ọdún tó tẹ̀ lé e kò sàn jù. Ní ọjọ́ 6 oṣù Kejìlá 2021, ìjọba Bìrìtìkó fi Nàìjíríà sínú àkọsílẹ̀ pupa nítorí ẹ̀yà àrùn tí wọ́n pè ní Omicron. Ẹni tó bá padà sí Lọ́ńdọ̀nù láti Èkó gbọ́dọ̀ fi ọjọ́ mẹ́wàá sé ara rẹ̀ mọ́ hòtẹ́ẹ̀lì, kó sì san £2,285. Wọ́n yọ orúkọ Nàìjíríà kúrò ní ọjọ́ 15, àmọ́ ọ̀pọ̀ ti fagi lé ìrìn àjò wọn.

Ní òkè òkun

Ìṣirò àjọ tó ń rí sí ìrìn àjò afẹ́ lábẹ́ Ìparapọ̀ Orílẹ̀-èdè fi hàn pé nǹkan bíi bílíọ̀nù 1.46 ni ìrìn àjò láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn ní 2019. Ní 2020, ó já wá sí nǹkan bíi mílíọ̀nù 400. Ilé àkójọ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé Louvre ní Paris, tí èèyàn mílíọ̀nù 9.6 ṣe àbẹ̀wò sí ní 2019, gba mílíọ̀nù 2.7 péré ní 2020. Àjọ àwọn oníṣòwò ìrìn àjò lágbàáyé ní iṣẹ́ mílíọ̀nù 62 ló bọ́ lọ́wọ́ àwọn èèyàn lọ́dún náà.

Ní Salvador, ìpínlẹ̀ Bahia ní Brazil, ọjọ́ 2 oṣù Kejì ni wọ́n máa ń gbé ẹ̀bùn lọ fún Yemọja lójú òkun ní àdúgbò Rio Vermelho. Ní 2021, wọ́n dí ọ̀nà etíkun mọ́ èrò. Àwọn apẹja nìkan ló gbé ẹ̀bùn náà wọ agbami. Bí Òṣogbo ṣe ṣe ní oṣù mẹ́fà ṣáájú nìyẹn: òrìṣà gba tirẹ̀, èrò dúró sílé. Kànífà Rio de Janeiro, tí ó jẹ́ pé èrò ni ẹ̀mí rẹ̀, kò wáyé rárá ní 2021. Nígbà tí ìtòwọ́lé àwọn ẹgbẹ́ oníjó tó ń díje padà ní oṣù Kẹrin 2022, ẹgbẹ́ Grande Rio tó fi Èṣù ṣe kókó eré wọn ló gba ipò kìíní, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ipò náà máa bọ́ sí wọn lọ́wọ́.

Ìlànà lẹ́nu ọ̀nà àti ìmọ̀ nípa àrùn

Lásìkò àrùn náà, ní ibi ìgbafẹ́ tó bá ṣí, ìlànà kan náà ló wà káàkiri. Ike omi tí wọ́n fi ẹnu ẹ̀rọ sí nídìí á wà lórí àga, ọṣẹ á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀; ẹ̀ṣọ́ á na ẹ̀rọ sí iwájú orí àlejò, á ka ìgbóná ara rẹ̀, á sì bu oògùn apakòkòrò sí i lọ́wọ́. Ẹni tí kò bá ní ìbòmú kò ní wọlé. Télọ̀ tí kò rí aṣọ ọdún rán ń gé àfikù ańkárá, ó ń fi ṣe ìbòmú tà.

Bí ìmọ̀ ṣe ń pọ̀ sí i, ó hàn pé inú ilé tí afẹ́fẹ́ kò ti ráyè jáde ni àrùn náà ti ń ràn jù, pé ìta gbangba fúyẹ́ jìnnà. Ó yẹ kí èyí yí òfin padà kíákíá. Àtẹ̀gùn òkè Ìdànrè, tí ó lé ní 600, inú afẹ́fẹ́ ló wà; afárá orí igi ní Lẹ́kí, tí gígùn rẹ̀ tó mítà 401, inú afẹ́fẹ́ ló wà. Ní Àpáta Olúmọ, ihò tí àwọn Ẹ̀gbá sá pamọ́ sí nígbà ogun àti ẹ̀rọ agbéniròkè nìkan ló há. Ṣùgbọ́n lásìkò kónílé-ó-gbélé, ojú kan náà ni òfin fi wo òkè àti gbọ̀ngàn.

Àwọn tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wọn

Amọ̀nà, onílù, afọ́tò àti alásè kì í gba owó oṣù. Ohun tí wọ́n bá rí lónìí ni wọ́n ń jẹ lónìí. Báńkì àpapọ̀ Nàìjíríà ya ₦50 bílíọ̀nù sọ́tọ̀ fún ìdílé àti oníṣòwò kékeré, ṣùgbọ́n owó yíyá ni, ó sì gba ìwé tí ọ̀pọ̀ wọn kò ní. Nígbà tí èrò já wọ ilé ìkẹ́rùsí oúnjẹ ìrànwọ́ ní Èkó ní oṣù Kẹwàá 2020, ó hàn sí gbogbo ayé pé ebi ti pẹ́ nínú ìlú, oúnjẹ sì ń bẹ nípamọ́.

Ìparí àrùn àti ẹ̀kọ́ tó kù

Abẹ́rẹ́ àjẹsára àkọ́kọ́, tí ó súnmọ́ mílíọ̀nù mẹ́rin, dé Nàìjíríà ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹta 2021. Ní oṣù Kẹrin 2022, wọ́n yọ àyẹ̀wò kúrò fún arìnrìn-àjò tó bá ti gba abẹ́rẹ́ rẹ̀ pé, ní ọjọ́ 5 oṣù Karùn-ún 2023 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé sì kéde pé pàjáwìrì ti parí. Àwọn tí ìjọba kọ sílẹ̀ pé àrùn náà pa ní Nàìjíríà jẹ́ 3,155.

Òfin náà gba ẹ̀mí là, kò sì yẹ ká fi ojú kékeré wò ó. Bí àjàkálẹ̀ mìíràn bá dé, kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́, ó yẹ kí ìjọba ya ìta gbangba sọ́tọ̀ kúrò lára ilé tó há, kó pe àwọn abọrẹ̀, ààfin àti àwọn oníbi ìgbafẹ́ jókòó kó tó pàṣẹ, kó sì mọ orúkọ àwọn tó ń jẹun níbẹ̀ kí ìlẹ̀kùn tó tì. Ẹni tí a bá ní kó ti ilé ọjà rẹ̀ nítorí ẹ̀mí gbogbo ìlú, gbogbo ìlú ló yẹ kó bá a gbé ẹrù náà.