Kòkó ló ń kó wa láti igbó dé igbó

Ẹ̀yin ọmọ Yorùbá tó wà lẹ́yìn odi, pàápàá ẹ̀yin ará wa tó ń dá oko kòkó ní Ikom, Etung àti Boki. Oníṣòwò ni mí, n kì í ṣe ọ̀mọ̀wé, ṣùgbọ́n ìtàn yìí kan àpò gbogbo wa.

Ní 1907, Jacob Kehinde Coker àti àwọn àgbẹ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ dá Agege Planters' Union sílẹ̀. Àwọn lébìrà tó ti ìlú òkè wá ṣiṣẹ́ l'Agége kọ́ bí wọ́n ṣe ń gbin kòkó, wọ́n sì gbé irúgbìn lọ sílé. Báyẹn ló ṣe tàn ká. Àwọn bàbá wa kì í gé gbogbo igi tán. Wọ́n á fi ìrókò, arère àti afàrà sílẹ̀ kó ṣíji bo kòkó, wọ́n á sì gbin ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti kókò sáàárín rẹ̀.

Ṣùgbọ́n bí ilẹ̀ bá ti ṣá, igbó tuntun náà ni wọ́n ń wá lọ. Kòkó ló kó ọ̀pọ̀ ará Ìbàdàn lọ sí ilẹ̀ Ifẹ̀ àti Oǹdó. Òun náà ló kó àgbẹ̀ wọ igbó ọba tí ìjọba ní ká má dá oko sí, bíi igbó Omo ní ìpínlẹ̀ Ògùn.

Ẹ wá wo Ivory Coast àti Gánà, tí ju ìdajì kòkó ayé ti ń wá. Láàárín nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún, ju ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin igbó Ivory Coast ló ti lọ, kòkó sì wà lára ohun tó jẹ ẹ́ jù. Nígbà tí ojú wọn là, ní oṣù Kọkànlá 2017, ní ìlú Bonn ní Jámánì, ìjọba méjèèjì àti àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá tó ń ra kòkó jọ ṣàdéhùn: kò ní sí gígé igbó tuntun fún kòkó mọ́, wọ́n á máa fún àgbẹ̀ ní igi tí wọ́n á gbìn sáàárín kòkó, wọ́n á sì ya máàpù oko.

Àmọ́ ṣé máàpù ni àgbẹ̀ fẹ́ jẹ? Bí oko àtijọ́ kò bá mówó wá, igbó ló máa padà sí. Ìdí nìyẹn tí ìjọba méjèèjì fi ní, ní 2019, kí àwọn olùrà máa fi $400 lé owó tọ́ọ̀nù kọ̀ọ̀kan.

Kí ló kàn wá níbẹ̀? Púpọ̀ nínú kòkó Nàìjíríà, Yúróòpù ló ń lọ. Ní 2023, wọ́n ṣe òfin níbẹ̀ pé kòkó tó bá wá láti ilẹ̀ tí wọ́n gé igbó rẹ̀ lẹ́yìn 31 December 2020 kò ní wọlé. Wọ́n ti ń sún ọjọ́ tó máa bẹ̀rẹ̀ síwájú, ṣùgbọ́n wọn ò pa á tì. Àjèjì tí kò ní ìwé ilẹ̀, tí kò sí nínú ẹgbẹ́ kankan, òun ni wọ́n máa kọ́kọ́ dá ẹrù rẹ̀ padà.

Torí náà, ẹ jẹ́ ká bá onílẹ̀ àti baálẹ̀ ibi tí a wà sọ̀rọ̀, ká wọ ẹgbẹ́ pẹ̀lú wọn, ká jẹ́ kí wọ́n ya máàpù oko wa. Ẹ tún oko àtijọ́ gbìn, ẹ fi igi ńlá sílẹ̀. Ẹgbẹ́ ni Agége fi gbòòrò, ẹgbẹ́ náà ló máa gbà wá. Àwọn bàbá wa rí igbó mìíràn sá lọ. Àwọn ọmọ tiwa kò ní rí.

Olúwa á jẹ́ kí oko wa máa so. Àmín.