Epo Pupa, Óìlì Ẹ́ńjìnnì àti Awọ Ara Wa

Àwọn àgbà ní ọwọ́ ara ẹni la fi ń tún ìwà ara ẹni ṣe. Púpọ̀ nínú àwa tí a ń gbé Prince George's County ló ń fi ọwọ́ ara wa pààrọ̀ óìlì ọkọ̀ lẹ́nu ọ̀nà ilé, kí owó má baà tán sọ́dọ̀ mẹkáníìkì. Kò burú. Ṣùgbọ́n ní Sátidé kan, mo bá àbúrò mi ọkùnrin lábẹ́ ọkọ̀. Óìlì dúdú ti kùn ún dé ìgúnpá, ó sì ki àkísà tó rin gbindin fún óìlì bọ àpò ṣòkòtò. Nígbà tí mo bá a wí, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣebí epo náà ni?" Ọ̀rọ̀ yẹn ló mú mi kọ ìtàn yìí.

Lóòótọ́, epo ni, epo tiwa sì wà níbẹ̀ ṣáájú. Ní ọ̀rúndún 19, epo pupa tí àwọn ìyá wa ń tẹ̀ ní ẹkù ń gba Èkó lọ sí Liverpool. Wọ́n fi ń ṣe ọṣẹ àti àbẹ́là, wọ́n sì ń pò ó mọ́ ọ̀rá ẹran láti fi ṣe gíríìsì fún ẹsẹ̀ ọkọ̀ rélùwéè, kí irin má baà máa ha irin. A ń jẹ ẹ́, a sì ń fi pa ọmọ lára.

Ní 1859, Edwin Drake gbẹ́ kànga epo rọ̀bì ní Titusville, ní Pennsylvania tó bá Maryland tiwa pààlà. Láti ìgbà náà ni óìlì inú ilẹ̀ ti pọ̀, tó sì rọjú. Díẹ̀díẹ̀ ló gba ipò epo pupa àti ọ̀rá ẹran nídìí ẹ̀rọ.

Lára àwọn tó fi ara gbá a ni àwọn ọkùnrin tó ń ran òwú ní Lancashire, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Bí wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ mọ́ ẹ̀rọ lójoojúmọ́, óìlì ń ta sí ṣòkòtò wọn, ó ń rin dé awọ. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, jẹjẹrẹ a yọ lára wọn, ní àpò kórópọ̀n, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú sí ẹnu nọ́ọ̀sì. Ní 1922, àwọn oníṣègùn méjì ní Manchester, Southam àti Wilson, kéde pé nínú 141 ènìyàn tí àrùn náà mú wá sí ilé ìwòsàn wọn, 69 ló jẹ́ aranwú. Síbẹ̀, ó di 1953 kí òfin tó dé pé óìlì tí a ti yọ ìdọ̀tí rẹ̀ dáadáa, tàbí ti ẹran àti ti igi, nìkan ni kí wọ́n máa lò nídìí ẹ̀rọ náà. Àwọn náà ti sọ pé ṣebí epo ni.

Óìlì tuntun tí a ń rà lónìí ti mọ́ ju ti ìgbà náà lọ. Ṣùgbọ́n bó bá ti ṣiṣẹ́ nínú ẹ́ńjìnnì, ẹ̀gbin tó ń wá láti ara bẹntiróò tó ń jó á kó sínú rẹ̀, àwọn èròjà tó ń fa jẹjẹrẹ sì wà níbẹ̀. Dúdú tí ẹ rí yẹn nìyẹn.

Nítorí náà, ẹ wọ ìbọ̀wọ́. Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì lọ́ wọ́ọ́rọ́, kí ẹ pa á. Ẹ má wọ abẹ́ ọkọ̀ tí jáàkì nìkan gbé dúró. Ẹ gbé e lé irin ìdúró. Ẹ tú nọ́ọ̀tì ìsàlẹ̀, kí óìlì ro tán pátápátá. Bí ẹ bá ń yọ fíltà, ẹ wò ó bóyá rọ́bà àtijọ́ bá a jáde, kí ẹ fi óìlì tuntun pa rọ́bà tuntun kí ẹ tó dè é. Iye tí ìwé ọkọ̀ kọ ni kí ẹ dà sí i. Ẹ tan án fún ìṣẹ́jú kan, ẹ wo abẹ́ rẹ̀ bóyá ó ń jò, kí ẹ pa á, kí ẹ sì fi ọ̀pá wọ̀n ọ́n. Ọṣẹ àti omi ni kí ẹ fi fọ ọwọ́, kì í ṣe bẹntiróò. Aṣọ tó bá rin, ẹ bọ́ ọ lójú ẹsẹ̀.

Ó ku óìlì inú ọpọ́n. Ẹ má dà á sí ihò gọ́tà ojú pópó. Omi inú gọ́tà yẹn kì í gba ibi tí wọ́n ti ń sẹ́ omi kọjá. Tààrà ló ń lọ sí odò Anacostia, Patuxent tàbí Potomac, títí dé Chesapeake. Àjọ EPA ní óìlì tí a pààrọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lè ba mílíọ̀nù kan gálọ́ọ̀nù omi mímu jẹ́. Ẹ rọ ọ́ sínú kẹ́ẹ̀gì tó ní ọmọrí, kí ẹ gbé e lọ síbi tí káúńtì ti ń gbà á ní Brown Station Road, Upper Marlboro. Wọ́n lè sẹ́ ẹ kí ó tún wúlò.

A kì í bá omi ṣọ̀tá, a kì í sì í fi awọ ara tọrẹ. Àbúrò mi ti ra ìbọ̀wọ́. Ó ku tiyín. Kí Olúwa máa ṣọ́ wa lójú pópó. Àmín.