Iṣẹ́ abẹ wárápá: àwọn àyẹ̀wò tó máa ń ṣáájú rẹ̀

Wárápá ni Yorùbá ń pe àìsàn ọpọlọ tó máa ń gbé ènìyàn léraléra. Iná mànàmáná kéékèèké ni àwọn sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ fi ń ránṣẹ́ síra wọn. Bí iná yìí bá ru sókè lójijì ju bó ṣe yẹ lọ, wárápá dé nìyẹn. Gbogbo wárápá kọ́ ló ń gbéni ṣánlẹ̀. Ẹlòmíràn á kàn dákẹ́, á tẹjú mọ́ ibì kan, á máa mi ẹnu bí ẹni ń jẹun. Wárápá kì í ràn, itọ́ ẹnu kò sì lè kó o ran ẹnikẹ́ni.

Ọ̀pọ̀ àgbà kì í fẹ́ dárúkọ rẹ̀. Wọ́n á ní "àìsàn yẹn" tàbí "nǹkan yẹn." Síbẹ̀, kò ṣọ̀wọ́n. Ọ̀jọ̀gbọ́n Benjamin Ọ̀ṣuntókun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ìwádìí ní Ìgbò-Ọrà, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde lọ́dún 1987. Wọ́n rí i pé bíi ẹni 5 nínú ẹni 1,000 ló ní in.

Ta ni wọ́n ń ṣe é fún?

Oògùn ń kápá wárápá fún ọ̀pọ̀ ènìyàn. Àmọ́ nínú ẹni mẹ́ta tó ní in, a máa ń rí bíi ẹnì kan tí oògùn kò ká tirẹ̀. Láti ọdún 2010, ohun tí àwọn onímọ̀ wárápá lágbàáyé fẹnu kò sí ni pé bí oògùn 2 tó bá a mu, tí aláìsàn sì lò bó ṣe yẹ, kò bá dá a dúró, ó yẹ kí wọ́n wá ọ̀nà mìíràn. Iṣẹ́ abẹ lè jẹ́ ọ̀kan nínú rẹ̀, pàápàá bí wárápá náà bá ń ti ojú kan ṣoṣo nínú ọpọlọ bẹ̀rẹ̀.

Iṣẹ́ abẹ yìí kì í ṣe tuntun. Victor Horsley ti ṣe é ní London lọ́dún 1886. Ohun tó yí padà ni àyẹ̀wò tó ń ṣáájú rẹ̀. Ìbéèrè méjì ni gbogbo àyẹ̀wò náà ń dáhùn: níbo gan-an ni wárápá ti ń bẹ̀rẹ̀? Bí a bá yọ ibẹ̀ kúrò, kí ni aláìsàn lè pàdánù?

Ìtàn àìsàn ló ṣáájú

Dókítà kì í sábà wà níbẹ̀ nígbà tí wárápá bá gbé ènìyàn, ẹni tí ó gbé kì í sì í rántí púpọ̀. Ojú ẹni tó wà nítòsí ni dókítà fi ń ríran. Ọwọ́ wo ló kọ́kọ́ ń gbọ̀n? Orí yí síbo? Ṣé ó lè sọ̀rọ̀? Ìṣẹ́jú mélòó ló gbà? Bí ẹ bá ti rí i pé ẹni náà kò sí nínú ewu, ẹ fi fóònù ya fídíò rẹ̀.

Ẹ fiyè sí ọ̀rọ̀ kan: gìrì. Gìrì ni èyí tó máa ń mú ọmọ kékeré tí ara rẹ̀ bá gbóná gan-an. Ó yàtọ̀ sí wárápá, ọ̀pọ̀ ọmọ tí gìrì mú kì í sì í ní wárápá láyé wọn. Ṣùgbọ́n a máa ń rí gìrì tó pẹ́ nínú ìtàn àwọn kan tí wárápá wọn ń ti apá ọpọlọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí wá. Apá yìí ni wọ́n máa ń ṣiṣẹ́ abẹ sí jù lọ fún àgbàlagbà. Nítorí náà, bí màmá àgbà bá ní, "Gìrì mú un nígbà tó wà lọ́mọ ọdún kan," ẹ sọ ọ́ fún dókítà.

Àwọn àyẹ̀wò náà

*EEG.* Wọ́n á lẹ wáyà kéékèèké mọ́ awọ orí láti ka iná ọpọlọ. Hans Berger ará Jámánì ló kọ́kọ́ kọ̀wé nípa rẹ̀ lọ́dún 1929. Kì í dunni. Irun tí a dì, irun tí a fi kún irun àti wíìgì lè má jẹ́ kí wáyà kan awọ orí. Ẹ bi ilé ìwòsàn ṣáájú bóyá ẹ ní láti tú irun. Ẹ fọ irun, ẹ má sì fi òróró pa á.

*EEG pẹ̀lú fídíò.* Aláìsàn á sùn sí ilé ìwòsàn fún ọjọ́ mélòó kan, kámẹ́rà á máa wò ó tọ̀sán tòru. Wọ́n lè dín oògùn rẹ̀ kù kí wárápá lè wá níṣojú wọn. Ilé ìwòsàn nìkan ló ti yẹ kí èyí ṣẹlẹ̀. Ẹ má ṣe dín oògùn kù nílé láéláé.

*MRI.* Ẹ̀rọ tó ń fi agbára òòfà ya àwòrán ọpọlọ. Ó ń pariwo, ó sì lè tó ìdajì wákàtí sí wákàtí kan. Ẹ bọ́ yẹtí àti ẹ̀gbà ọrùn. Ẹ sọ bí irin kankan bá wà nínú ara.

*PET.* Wọ́n á fún aláìsàn ní abẹ́rẹ́ ṣúgà tó ní ìtànṣán díẹ̀ nínú. Nígbà tí wárápá kò bá sí lórí eré, ibi tó ti ń bẹ̀rẹ̀ kì í sábà lo ṣúgà tó ibi yòókù.

*Àyẹ̀wò iyè àti èdè.* Wọ́n á ní kí aláìsàn rántí ọ̀rọ̀, kí ó sọ ìtàn padà, kí ó dárúkọ ohun tó wà nínú àwòrán. Ó lè gba wákàtí bíi mélòó kan.

*Àyẹ̀wò Wada.* Juhn Wada ló gbé e kalẹ̀ lọ́dún 1949. Wọ́n ń fi oògùn mú kí ìdajì ọpọlọ sùn fún ìṣẹ́jú díẹ̀, láti mọ apá tí èdè àti iyè wà. Lónìí, irú MRI kan tó ń fi ọpọlọ hàn lẹ́nu iṣẹ́ ti ń gba ipò rẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ibi.

Níbo ni Yorùbá ti wọ̀ ọ́?

Èdè méjì tí ènìyàn kan ń sọ lè má pín gbogbo ojú ibi kan náà nínú ọpọlọ. George Ojemann àti Harry Whitaker kọ̀wé nípa èyí lọ́dún 1978. Bí Yorùbá bá ni èdè tí màmá yín fi ń ronú, tí wọ́n sì fi Gẹ̀ẹ́sì nìkan dán iyè wọn wò, èsì lè sọ pé iyè wọn ń ra, nígbà tó jẹ́ pé ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni kò yá wọn lẹ́nu. Ẹ sọ gbogbo èdè tí aláìsàn ń sọ, àti èyí tó kọ́kọ́ gbọ́, láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ẹ béèrè ògbufọ̀ kí ọjọ́ àyẹ̀wò tó pé. Lábẹ́ NHS ní England, aláìsàn kì í san owó rẹ̀. Ọmọ tó ń túmọ̀ fún òbí lè ràn án lọ́wọ́ láìmọ̀, èsì á sì dàrú. Àwọn àgbà ní àgbọ́ìgbọ́tán Ègùn, ìjà ní í dá sílẹ̀.

Ìpinnu

Lẹ́yìn àyẹ̀wò, àwọn dókítà á jókòó papọ̀ wo gbogbo èsì. Wọ́n lè gbà pé kí wọ́n ṣe é, wọ́n lè ní kò bá a mu, wọ́n sì lè béèrè àyẹ̀wò mìíràn. Nínú ìwádìí kan ní London, Ontario, tó jáde lọ́dún 2001, ẹni 80 ni wọ́n pín sí méjì. Lẹ́yìn ọdún kan, 58 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí wọ́n yàn fún iṣẹ́ abẹ bọ́ lọ́wọ́ irú wárápá tó ń gba iyè lọ́wọ́ ẹni. Láàárín àwọn tó ń lo oògùn nìkan, 8 nínú ọgọ́rùn-ún ni. Ewu wà níbẹ̀: iyè lè dín kù, ọ̀rọ̀ lè ṣòroó rántí, ojú lè má rí ẹ̀gbẹ́ kan dáadáa. Oògùn kì í sì í dúró lọ́jọ́ tí wọ́n bá ṣe iṣẹ́ abẹ.

Àwọn gbólóhùn tó máa wúlò fún yín

- Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ máa ń mọ̀ kí ó tó gbé yín?
- Ta ló wà lọ́dọ̀ yín nígbà tó ṣẹlẹ̀?
- Ọwọ́ wo ló kọ́kọ́ ń gbọ̀n, ọ̀tún àbí òsì?
- Ṣé gìrì mú yín rí nígbà tí ẹ wà ní kékeré?
- Dókítà fẹ́ mọ ohun tó ń bà yín lẹ́rù jù nípa iṣẹ́ abẹ náà.
- Kò sí kánjú, ẹ rò ó wò. Ẹ̀yin lẹ máa pinnu.